Orí Kẹta: Inú Iṣẹ́ Kíláàsì Ni Ìwádìí Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ètò oyè másítà nínú ìmọ̀-ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ gba kọ́ọ̀sì, á ṣe ìdánwò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fún un ní alábòójútó, òun náà á sì máa wá àkòrí kiri. Ètò yìí ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: kọ́ọ̀sì wà fún kíkó ìmọ̀ jọ, prọ́jẹ́ẹ̀tì ló wà fún ìwádìí. Ohun tí orí yìí ń sọ ni pé ìpín yẹn kò tọ̀nà, àti pé òun gan-an ló fà á tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń rọ nígbà tí wọ́n bá dé ìdí prọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gba máàkì gíga nínú kọ́ọ̀sì mẹ́jọ lè jókòó ti àkòrí fún oṣù púpọ̀ láìmọ ibi tí yóò ti mú un. Kì í ṣe pé kò lọ́pọlọ. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n ní kó pinnu nǹkan fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ló yan ìbéèrè, olùkọ́ ló fún un ní iye tí yóò fi ṣe ìṣirò, olùkọ́ ló sì ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìpinnu ni ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: kí ni mo fẹ́ mọ̀, kí ni kí n wọ̀n, ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ni mo lè sọ pé ohun tí mo rí kì í ṣe àṣìṣe irinṣẹ́ mi. Àbá tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn kò pọ̀ ju méjì lọ. Iṣẹ́ kíláàsì á di ẹ̀kọ́ ìwádìí nígbà tí ó bá fi ìpinnu kan, ó kéré tán, sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, àti nígbà tí ó bá fún un láyè láti tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tó ti rí àléébù ti àkọ́kọ́.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni ti David Huffman. Ní 1951, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Robert Fano ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di àmì tí ẹ̀rọ lè fi ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan: kí wọ́n ṣe ìdánwò, tàbí kí wọ́n kọ àpilẹ̀kọ lórí ìṣòro kan, ìyẹn bí a ṣe lè fi òdo àti oókan kọ ọ̀rọ̀ kí ó kúrú jù lọ. Kò sọ fún wọn pé òun àti Claude Shannon ti dán an wò, tí ọ̀nà tí wọ́n rí kò sì tíì jẹ́ èyí tó dára jù. Huffman yan àpilẹ̀kọ, ó bá a jìjàkadì fún oṣù mélòó kan, ó ti fẹ́ pa á tì kó lọ múra ìdánwò kó tó yé e pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àmì tí kì í sábà farahàn, dípò òkè tí Fano ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1952, ó sì wà nínú àwòrán JPEG àti fáìlì ZIP tí à ń fi ránṣẹ́ títí dòní. Àmọ́ ká má fi ìtàn kan ṣe ẹ̀rí ju bó ti yẹ lọ. Huffman nìkan ló borí níbẹ̀, kò sì sí olùkọ́ tó lè ṣèlérí pé kíláàsì òun yóò bí òmíràn. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni ìwà Fano: ó fi ìbéèrè gidi sínú iṣẹ́ kíláàsì, ó fún wọn lákòókò, ó sì fi máàkì sídìí rẹ̀.

Ẹ̀rí tó wúwo jù wà lọ́dọ̀ Natasha Holmes, Carl Wieman àti Doug Bonn, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2015. Àwọn tí wọ́n lò ni akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní University of British Columbia ní Kánádà. Ẹgbẹ́ kan ṣe iṣẹ́ láàbù bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ kejì pé kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ohun tí ìwé sọ tàbí ohun tí ẹlòmíì rí, kí wọ́n pinnu ohun tí wọn yóò tún ṣe, kí wọ́n sì padà wọ̀n ọ́n. Bí sáà ti ń lọ, wọ́n ń dín ìtọ́ni náà kù díẹ̀díẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ kejì fi ìlọ́po 12 ju ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ nínú dídábàá tàbí ṣíṣe àtúnṣe sí ọ̀nà iṣẹ́ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìlọ́po mẹ́rin jù wọ́n lọ nínú rírí ibi tí àlàyé inú ìwé kù sí, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n tiwọn ṣàlàyé rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí bá wọn wọ kọ́ọ̀sì ọdún tó tẹ̀lé e. Òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe onímọ̀-ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún àkọ́kọ́ bá lè kọ́ irú ìwà yìí nítorí pé wọ́n ní kó tún iṣẹ́ ṣe, ta ló máa sọ pé ti akẹ́kọ̀ọ́ másítà pọ̀ jù?

Àwọn kan á ní ẹ̀ka tàwọn ti ní kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ìwádìí, wọ́n sì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lé e lórí. Kò burú, ṣùgbọ́n kí a má gbé gbogbo ẹrù lé e. Ní 2017, David Feldon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé 294 nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì 53 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwọn tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ wé àwọn tí kò lọ, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìmọ̀ ìwádìí wọn. Feldon yìí kan náà ti fi hàn ní 2011, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ àgbà 95, pé àwọn tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìwádìí wọn tẹ̀ síwájú ju àwọn tó ń ṣe ìwádìí nìkan lọ nínú gbígbé àbá tó ṣeé dán wò kalẹ̀ àti nínú ṣíṣètò àyẹ̀wò tó múná dóko. Bí a bá fi méjèèjì sójú kan, ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi báyìí: ohun tí ènìyàn ń ṣe léraléra ló ń mọ́ ọn lọ́wọ́. A kì í fi odidi ọjọ́ mẹ́ta sọ ìtàn odò fún ènìyàn, ká wá retí pé yóò wẹ̀ ẹ́ já.

Báwo wá ni iṣẹ́ kan ṣe ń yí padà? Ẹ jẹ́ ká mú páànẹ́ẹ̀lì sólà, nítorí ó ti kún orí òrùlé káàkiri ìlú. Iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ ni: ṣe ìṣirò iye wáàtì tí páànẹ́ẹ̀lì 50 wáàtì yóò mú jáde bí ó bá gbóná dé 60 dígírì. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìwé. Iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn páànẹ́ẹ̀lì ni èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 1000 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóòró, tí ooru sẹ́ẹ̀lì jẹ́ 25 dígírì. Páànẹ́ẹ̀lì sílíkọ́ọ̀nù ń pàdánù nǹkan bí 0.4% agbára rẹ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá fi ju ìyẹn lọ. Láti 25 dé 60 jẹ́ 35, èyí tó sọ àdánù di 14%, 50 wáàtì á wá di 43. Ó tán. Ìṣirò náà dára, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò tíì ṣetán láti lọ síwájú. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò pinnu ohunkóhun nínú rẹ̀.

Kí olùkọ́ wá yí ìbéèrè náà báyìí: wá bí ooru ṣe ń dín fóòtì (volt) páànẹ́ẹ̀lì kan kù lórí òrùlé kan ní ìlú yìí, kí o sì sọ bí ìdáhùn rẹ ṣe dá ọ lójú tó. Lójijì, ìpinnu pọ̀. Fóòtì wo? Èyí tó rọrùn jù ni fóòtì ìgbà tí kò sí ẹrù kankan lórí páànẹ́ẹ̀lì, nítorí mítà lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fún páànẹ́ẹ̀lì 50 wáàtì, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 22 fóòtì, ó sì ń dín ní nǹkan bí 0.3% fún dígírì kan. Ìyẹn ni pé 35 dígírì á mú fóòtì 2.3 lọ. Bí mítà ọwọ́ rẹ bá lè ṣì í ní 0.5%, àṣìṣe rẹ̀ kò ju 0.11 fóòtì lọ. Ohun tí o fẹ́ rí fi nǹkan bí ìlọ́po ogún ju àṣìṣe mítà lọ, nítorí náà o lè rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá fẹ́ fi mítà kan náà sọ pé páànẹ́ẹ̀lì ilé-iṣẹ́ kan fi 0.1 fóòtì dára ju ti èkejì lọ, mítà náà kò lè jẹ́rìí sí i. Wàá tún rí i pé ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru tó lè ṣì í ní dígírì méjì ń kó 0.13 fóòtì wọ inú iṣẹ́ rẹ, ó ju ti mítà lọ. Bí owó tí o ní kò bá pọ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru ni kí o kọ́kọ́ ná an lé, kì í ṣe mítà. Gbogbo ìrònú yìí wáyé kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà, òun gan-an sì ni apá tí ọ̀pọ̀ tẹ́síìsì máa ń fò.

Lẹ́yìn èyí ni ìjákulẹ̀ á dé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ̀n fóòtì láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán yóò rí i pé ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń gòkè pọ̀, kò sì ní mọ èyí tó fà á nínú méjèèjì. Kùrukùru á kọjá, afẹ́fẹ́ á fẹ́, eruku ọyẹ́ á bà lé dígí. Bí iṣẹ́ náà bá parí síbẹ̀, gbólóhùn tí yóò kọ ni pé "àṣìṣe lè ti wọlé nítorí ojú ọjọ́", gbólóhùn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì míì, ó lè ronú kan aṣọ tó nípọn: kó bo páànẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án gangan títí yóò fi tutù, kó ṣí i lójijì, kó máa ka fóòtì àti ooru bí ó ti ń gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, oòrùn kò yí padà, ooru nìkan ló ń yí. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì ń kọ ọ́ lóminú, ó lè wọ̀n iná tó ń gba inú páànẹ́ẹ̀lì kọjá nígbà tí a bá so orí wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Iná yẹn ń bá ìmọ́lẹ̀ rìn, kò sì ju nǹkan bí 3 áńpíà lọ, ohun tí mítà 10 áńpíà lè gbà. Yóò tún bi ara rẹ̀ bóyá ẹ̀yìn páànẹ́ẹ̀lì tó lẹ ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru mọ́ gbóná tó sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀; kò gbóná tó o, ìyàtọ̀ dígírì díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Níbi ìgbà kejì yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Olùkọ́ tó bá gbà á ní ẹ̀ẹ̀kan, tó fún un ní 6 nínú 10, tó sì lọ sórí àkòrí mìíràn, ti dá iṣẹ́ dúró níbi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò.

Ìwé kíkà náà nílò irú ìtọ́jú yìí. Ní 2007, S. Keshav kọ àlàyé kúkúrú kan lórí bí a ṣe ń ka àpilẹ̀kọ jọ́nà ní ìpele mẹ́ta: ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá láti mọ ohun tó dá lé lórí, nǹkan bíi wákàtí kan láti lóye rẹ̀, lẹ́yìn náà wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láti tún iṣẹ́ náà ṣe nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín. Ìpele kẹta yìí ló ń sọ òǹkàwé di olùwádìí, òun ni kíláàsì wa kì í sì í dé. Mo rò pé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tí kíláàsì yóò tún ìṣirò inú rẹ̀ ṣe láti òdo. Kò sí ohun tó fi agbára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn tó ti Thomas Herndon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ni ní yunifásítì Massachusetts ní Amherst nígbà tí wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ kíláàsì pé kí wọ́n tún iṣẹ́ olókìkí kan ṣe. Ó yan àpilẹ̀kọ Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff ti 2010 lórí gbèsè ìjọba. Iye tó rí kò bá ti inú ìwé mu. Ní 2013, òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì, Michael Ash àti Robert Pollin, fi hàn pé lára ohun tó fà á ni pé ìlà ìṣirò kan nínú Excel fi orílẹ̀-èdè márùn-ún sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbogbo àléébù tí wọ́n rí ṣe, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé tí ìwé náà pè ní −0.1% di 2.2%. Bí ti ọrọ̀ ajé bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa àwọn ìlànà ìṣirò tí à ń dà kọ láti ìwé dé ìwé lórí agbára búlọ́ọ̀kù tàbí gbígbẹ ẹ̀gẹ́, tí kò sẹ́ni tó tún padà wò wọ́n?

Àtakò tó lágbára jù sí gbogbo èyí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Paul Kirschner, John Sweller àti Richard Clark kọ ọ́ ní 2006 pé ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀ kì í rí nǹkan kọ́ bí a bá jù ú sínú ìṣòro láìtọ́ ọ sọ́nà, nítorí pé wíwá ọ̀nà kiri nìkan ti kún inú ọpọlọ rẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìdí tí ooru fi ń dín fóòtì kù kò ní rí nǹkan kan lórí òrùlé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí a kọ́ni ná, kí a tó tú ọwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìtúsílẹ̀ náà wáyé nínú sáà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Lynn Conway ṣe ní MIT ní 1978, nígbà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ṣíìpù kọ̀ǹpútà. Ìdajì àkọ́kọ́ sáà, ó kọ́ wọn ní òfin àti ọ̀nà iṣẹ́. Ìdajì kejì, oníkálukú ya ṣíìpù tirẹ̀, wọ́n sì ṣe é jáde kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Guy Steele ya odidi ẹ̀rọ ìṣirò tó ń lo èdè Lisp nínú kíláàsì yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ètò náà tàn dé yunifásítì tó tó méjìlá, ṣíìpù àwòrán tí Jim Clark ti Stanford ń ṣe sì wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe jáde; láti ara rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Silicon Graphics ti yọ.

Ìtàn Conway tún dáhùn àtakò kejì, èyí tí a máa ń gbọ́ jù nílé: kò sí ohun èlò. Kíláàsì tirẹ̀ náà kò ní ilé-iṣẹ́ ṣíìpù nítòsí. Orí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, ni wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ gbà lọ sí Kalifọ́níà, Hewlett-Packard ló sì bá wọn ṣe é. Olùkọ́ ló wá ohun èlò lọ síta. Ní ìlú tiwa, ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù wà ní gbogbo àdúgbò, ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí wà, àwọn tó ń so sólà wà, ilé búrẹ́dì wà. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn lójoojúmọ́ pọ̀ ju ohun tí yunifásítì lè dáhùn lọ. Ní ti máàkì fún kíláàsì tó pọ̀, kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ojú-ìwé mẹ́ta péré, kí ẹgbẹ́ míì sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ẹ̀rù ChatGPT kò sì fi bẹ́ẹ̀ bà mí níbi yìí. Ó lè kọ ìròyìn tó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún lójúkojú lórí ìdí tí ìwọ̀n kẹrin fi yàtọ̀ sí ìkẹta yóò fi ẹni tó gun òrùlé hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò gùn ún.

Àkókò ni wọ́n ń sọ tẹ̀lé e, pé sáà ti kún jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kún, nítorí náà kí a yọ àkòrí kan tàbí méjì kúrò. Kò sí ọ̀nà míì, ẹni tó bá sì ní a lè fi èyí kún un láìyọ nǹkan kan ń tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ àkókò náà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ètò tó kó gbogbo ìwádìí pa mọ́ sí ìparí ló ń fara gbá irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ jù, nígbà tí iṣẹ́ kékeré tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti parí, tó sì wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí olùkọ́ rẹ kò bá yí nǹkan kan padà ńkọ́? Má bá a jà, má sì dúró dè é. Kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe fẹ́ ẹ, kí máàkì rẹ pé, nítorí àbájáde kọ́ọ̀sì ni wọ́n máa wò bí o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú sí oyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà, fi ojú-ìwé kan kún un fún ara rẹ. Mú ohun kan tí ìbéèrè náà gbà láìjiyàn, yí i padà, kí o wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìdáhùn. Nínú iye mẹ́fà tí wọ́n fún ọ, èwo ló jẹ́ pé bí ó bá yẹ̀ ní 10%, gbogbo rẹ̀ á dàrú, èwo ni kò sì ní mì rárá? Kọ ohun tí o bi ara rẹ, ohun tí o ṣe, ohun tí o rí àti ohun tí kò tíì yé ọ. Má ṣe fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìkọ. Bí ọjọ́ àtilọ bá alábòójútó bá pé, má lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfo kí o ní kó fún ọ ní àkòrí. Yan méjì nínú àwọn ojú-ìwé wọ̀nyẹn tí ohun tí kò yé ọ nínú wọn jọra, tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí o sì ní kó sọ fún ọ èyí tí ohun èlò ẹ̀ka lè gbé àti èyí tí ẹlòmíì ti dáhùn.